Ṣé òótọ́ ni pé COREN kì í gba ọmọ tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìpínlẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjinníà. Ọmọ mi obìnrin rí civil engineering gbà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ wa. Máàkì JAMB rẹ̀ kò tó èyí tí fẹ́dírà tó kọ́kọ́ mú ń gbà. Inú wa ń dùn, àfi bí ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ètò ìwọlé ṣe sọ pé ká má wulẹ̀ san owó kankan. Ó ní COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjinníà sílẹ̀, kì í fún ọmọ sítéètì ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá kì í mú wọn, bí ó bá sì dé òkè òkun, bébà lásán ni ìwé ẹ̀rí náà. Ó ní bí mo bá lè wá ₦450,000, òun á bá wa gbé e lọ sí fẹ́dírà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ ni mò ń tà, mo sì ti kó ìdajì owó náà jọ. Ṣé kí n fún un? Ó tún ní kí n ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un kí ó tó wọlé. Ṣé dandan ni? — Ìyá aláṣọ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ti fún un ní nǹkan kan, ẹ lọ gbà á padà kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀rọ̀ mi bá le, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ irọ́ yìí, àgàgà lásìkò tí JAMB bá ń fún àwọn ọmọ ní ààyè, àwọn òbí tó sì ń kó owó lé e lórí kì í ṣe olówó. Tíṣà ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni wọ́n. Ẹnjinníà civil ni mí, orúkọ mi wà lọ́dọ̀ COREN. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan, mo sì máa ń gba ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ sí ojú iṣẹ́ ìkọ́lé wa. Ohun tí mo rí níbi méjèèjì ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ẹ ń bèèrè bóyá COREN ń gba ọmọ sítéètì, bí ẹni pé COREN ní ìwé kan tó ti pín yunifásítì sí ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. COREN, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1970 pé kó máa bójú tó iṣẹ́ ẹnjinníà ní Nàìjíríà, kì í fọwọ́ sí yunifásítì lódindi. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ sí. Civil dá dúró, mechanical dá dúró, electrical dá dúró. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, ẹ lè rí ẹ̀ka mẹ́rin tí ìwé wọn pé, kí ẹ sì rí ìkarùn-ún tí tirẹ̀ kò tíì pé. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ti ìpínlẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ti fẹ́dírà, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ti aládàáni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “sítéètì ò dáa” kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀ka wo? Ọdún wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? Kí ni èsì tó jáde? Ohun tó yẹ kí ẹ máa bèèrè nìyẹn.

NUC, tó ń ṣàkóso gbogbo yunifásítì, ní àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀ka tó bá yege dáadáa máa ń gba ìfọwọ́sí kíkún, ọdún márùn-ún nìyẹn. Èyí tó bá kù díẹ̀ káàtó á gba ti onígbà díẹ̀, ọdún méjì péré, kó fi tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí wọ́n bá kọ̀ kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ nílò ti NUC àti ti COREN.

Mo ti wà níbi tí wọ́n ti wá yẹ ẹ̀ka wò, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kí wọ́n jẹun kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n á wọ yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tan ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́ kọnkéré, kí ó gbé kọnkéré onígun mẹ́rin sí i níṣojú wọn, kí ó sì ka iye agbára tó gbà kí ó tó fọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n kàn nù tí wọ́n gbé síbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, wọn kì í kà á mọ́ èyí tí ẹ̀ka ní. Wọ́n á bèèrè nọ́ńbà COREN àwọn olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn, wọ́n á wo ìbéèrè, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe fún máàkì, wọ́n á wo ohun tí olùyẹ̀wò tó ti yunifásítì mìíràn wá kọ sílẹ̀. Wọ́n lè dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n bi í pé ìgbà wo ló wọ yàrá àyẹ̀wò gbẹ̀yìn, kí ni ó ṣe níbẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹ̀ka tó ń rí máàkì gbà nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà, kò sì sí èyí tó ń pàdánù máàkì nítorí pé gómìnà ni.

Bí ọmọ yín bá jáde ní ẹ̀ka tí wọ́n fọwọ́ sí, ọ̀nà tó kù fún un kò yàtọ̀ sí ti ọmọ UNILAG tàbí ọmọ Ifẹ̀. Á sin ìjọba, á ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ẹnjinníà tó ti ní nọ́ńbà títí ìrírí rẹ̀ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí á fi tó ọdún mẹ́rin ó kéré tán, á ṣe ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìyẹn tó wáyé, kò gbọdọ̀ kọ “Engr.” síwájú orúkọ rẹ̀, ibi yòówù kó ti kàwé. Òfin ni. Ẹ ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹnjinníà lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́lé kò ní nọ́ńbà kankan. Àwọn yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí ilé tí wọ́n kọ́ ni ènìyàn ń sùn sí.

Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó ni yunifásítì ló ń fún ìwé ẹ̀rí ní agbára yìí, ẹnu Yorùbá gan-an ni kò yẹ kó ti jáde. Ifẹ̀ tí gbogbo wa fi ń yangàn, ta ló dá a sílẹ̀? Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ní 1962 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Ìbàdàn níbí, kó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ti agbègbè ni títí di 1975 tí ìjọba àpapọ̀ gbà á. Zaria náà, ìjọba Àríwá ló dá a sílẹ̀. Nsukka, ìjọba Ìlà-Oòrùn ni. Ṣé títí di 1975 ni ìwé ẹ̀rí Ifẹ̀ fi jẹ́ bébà lásán, tó wá di ojúlówó nígbà tí wọ́n yí orúkọ ẹni tó ni ín padà?

Òfin ìlú ti 1979 ló gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti dá yunifásítì tiwọn sílẹ̀. Ìgbà náà ni Ògùn dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1982, èyí tí à ń pè ní Olabisi Onabanjo báyìí, tí àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ìbógun. Èkó dá LASU sílẹ̀ ní 1983, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ sí. LAUTECH dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990. Ẹ wo bí ọjọ́ ti pẹ́ tó. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí LAUTECH dáyé ti tó ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí, ó ti ní ọmọ tirẹ̀. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ni mò ń bá pàdé lójú ọ̀nà tí a ń ṣe, ní iléeṣẹ́ iná, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Àwọn kan nínú wọn ló ń fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tèmi. Bí COREN kì í bá gba ọmọ sítéètì, níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà?

Lórí ti iléeṣẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn ọ̀gá kan wà tó fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn fúnra wọn jáde níbẹ̀, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ wò. Kò dára, ṣùgbọ́n ó wà. Èyí tó pọ̀ jù ni ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń bèèrè ìpele ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ ìgbà second class upper, tí wọ́n ń bèèrè ọjọ́ orí àti ìwé àgùnbánirọ̀, tí wọ́n á wá gbé ìdánwò síwájú gbogbo yín. Orí ìdánwò yẹn ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí.

Nígbà tó bá wá kan ojú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ pátápátá. A máa ń yẹ kọnkéré wò kí a tó dà á. Àwo irin kan wà fún un, ó ga ní 300 mílímítà, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó kéré lókè. Ọmọ IT á bu kọnkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, á fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, á gé orí rẹ̀ dọ́gba, á rọra fa àwo náà sókè tààrà, á sì fi rúlà wọn bí òkìtì náà ṣe rọ̀ wálẹ̀ tó. Bí ó bá fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, èsì ti bàjẹ́. Bí òkìtì bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi ti pọ̀ jù, kọnkéré yẹn kò ní lágbára. Mo ti rí ọmọ fẹ́dírà tó gún ìpele àkọ́kọ́ nígbà mẹ́jọ tó ní ó ti tó, tó sì kọ 25 sínú ìwé. Mo ti rí ọmọbìnrin kan láti yunifásítì ìpínlẹ̀ tó dá odindi ọkọ̀ kọnkéré padà nítorí omi, tí awakọ̀ ń pariwo mọ́ ọn, tí fọ́máànù ń bẹ̀ ẹ́, tí kò yẹsẹ̀. Mo ti rí òdìkejì rẹ̀ náà, ká sọ òótọ́. Ọmọbìnrin yẹn ni mo pè padà lẹ́yìn tó sin ìjọba tán. Mi ò wo ẹni tó ni yunifásítì rẹ̀.

Ti òkè òkun kò gba àlàyé gígùn. Àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, irú WES tí Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò, fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá mọ yunifásítì náà, wọ́n sì fẹ́ kí transcript, ìyẹn ìwé gbogbo máàkì láti ọdún kìíní dé òpin, ti ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wá tààrà. Kí transcript yẹn tó jáde lásìkò ni wàhálà tí àwọn ọmọ wa ń ní, ó sì wà nílé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi. Kí ó máa tọ́jú gbogbo ìwé èsì rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ó kan ₦450,000 yìí. Ètò kan wà lóòótọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn. Orí ìyẹn ni irú àwọn ọkùnrin yìí ń gùn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti ka ọdún kan, ó kéré tán, kí èsì rẹ̀ sì dára gan-an; ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ gbọ́dọ̀ ní ààyè kó sì fẹ́ ẹ; JAMB gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ tí kò tíì jókòó ní kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ? Láti 2017 ni gbogbo ìgbaniwọlé ti ń gba orí CAPS, ètò JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ààyè tí kò bá hàn níbẹ̀ kò sí. Àwọn ọmọ wà tí irú ẹni báyìí fi lẹ́tà ayédèrú mú wọ kíláàsì, tí wọ́n san owó, tí wọ́n kàwé dé òpin, tí ọ̀nà NYSC wá dí mọ́ wọn nítorí pé JAMB kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ná owó ọdún márùn-ún, tó wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ewu míì tún wà níbẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá rí ọmọ yín mú, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ fún un ni pé kó kọ ààyè tó rí gbà lórí CAPS kí “iṣẹ́” lè rọrùn. Bó bá ti tẹ bọ́tìnì ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, ààyè ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́, ẹlòmíràn lè gbà á. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwọlé sí CAPS, ìyẹn password, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọmọ yín, kí ó sì yí i padà lónìí.

Mi ò sọ pé kò sí ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún yín ni. Owó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ń gba owó ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà ju ti fẹ́dírà lọ. Ẹ bèèrè bóyá owó ọmọ ìpínlẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ yín dání. Ẹ má gba iye tí aládùúgbò sọ gbọ́; ọdọọdún ni wọ́n ń yí i. Ẹ bèèrè ìwé owó náà ní kíkún, láti owó tí a fi ń gba ààyè, ìyẹn acceptance fee, títí dé owó yàrá àyẹ̀wò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí apá kò bá ká a, NELFUND, ètò ìyáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin 2024 gbé kalẹ̀, wà fún ọmọ yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ìwé fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè bèèrè owó ìtọ́jú oṣooṣù. Yíyá ni o. Ẹ ka àdéhùn rẹ̀ dáadáa, orí ìkànnì wọn ni kí ó ti forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò gba alágbàṣe.

Ìkejì ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ lè jẹ ilé-ẹ̀kọ́ níyà bó bá kọ̀ láti san owó tó yẹ. Gbogbo wa la rí i ní 2016 àti 2017, nígbà tí LAUTECH tì pa fún ìgbà pípẹ́ nítorí owó tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tó jọ ni ín nígbà náà, kò san. Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín láti 2020. Ṣùgbọ́n fẹ́dírà ń kọ́? Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ gbáko daṣẹ́ sílẹ̀, láti February títí di October. Àwọn ọmọ LASU ń lọ sí kíláàsì ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ fẹ́dírà ló ń tètè jáde, ẹ ní kó ka oṣù yẹn lórí ìka. Ti ohun èèlò yàrá àyẹ̀wò náà, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tó ń rà á fún fẹ́dírà ló ń rà á fún ti ìpínlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lò ó, tí wọ́n ń tún un ṣe, ló ń yàtọ̀, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka.

Èyí tó lè pa ọmọ lára jù ni ẹ̀ka tuntun. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ kan ń ṣí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní kíákíá báyìí, orúkọ wọn ń dùn létí. NUC máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá olùkọ́ àti ohun èèlò wà kí wọ́n tó gbà á láyè láti bẹ̀rẹ̀. Ìfọwọ́sí gan-an di ìgbà tí àwọn àkọ́kọ́ bá fẹ́ dé òpin. Nítorí náà, ẹ̀ka tí kò tíì ní ìfọwọ́sí lè jẹ́ ojúlówó tó ṣì kéré, ó sì lè jẹ́ èyí tí kò ní dìde láé. Civil kì í sábà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an láìwádìí.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín lọ sí ẹ̀ka náà. Ẹ má dúró ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka civil gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ kí wọn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ ọdún tí NUC àti COREN yẹ ẹ̀ka wò gbẹ̀yìn, èsì rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n tún ń padà bọ̀. Ẹ bèèrè iye ọmọ tí wọ́n gba ẹ̀ka láyè láti mú lọ́dún àti iye tí wọ́n mú gan-an, nítorí kíláàsì tó kún ju bó ṣe yẹ lọ kì í jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ bèèrè olùkọ́ mélòó ló ní nọ́ńbà COREN. Olórí ẹ̀ka tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i; ó lè fa lẹ́tà yọ hàn yín. Kí ọmọ yín tún wo orúkọ ẹ̀ka náà lórí ìkànnì COREN àti ti NUC. Àwọn èsì yìí ń yí padà láàárín ọdún, nítorí náà ẹ má ṣe fi ohun tí mo kọ síbí ṣe ẹ̀rí fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, pàápàá àwọn tí mo dárúkọ. Bí nǹkan kan bá rú yín lójú, ẹ kọ̀wé sí COREN. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ padà ló lágbára, tèmi àlàyé ni.

Bí ẹ̀ka bá pé, kí ó gba ààyè rẹ̀ lórí CAPS, kí ẹ san acceptance fee kí ọjọ́ tó lọ, kí ẹ sì gbájú mọ́ ohun tó ń ba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ lóòótọ́. Ọdún kìíní ni. Ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún ni, ọdún kìíní kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ ìmọ̀ ẹ̀rọ: ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, ẹ̀kọ́ gbogbogbò. Àwọn ọmọ á ní “ìgbà tí a bá dé ẹ̀ka gangan la máa kàwé”. GP ọdún yẹn, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì wọn, ń bá wọn lọ dé òpin. Márùn-ún ni òkè rẹ̀: 4.50 sókè ni first class, 3.50 sókè ni second class upper, 2.40 sókè ni lower. Ọmọ tó bá jáde ọdún kìíní pẹ̀lú GP 2.10 á máa fi ọdún mẹ́rin tó kù gbé òkúta náà gun òkè. Mo ti rí ọmọ tó jáde pẹ̀lú 3.48, tó jẹ́ pé ìṣirò ọdún kìíní tó fi carryover sílẹ̀ ló gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀. Carryover, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi tí á tún padà wá ṣe, ẹ̀gún ni fún ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí kọ́ọ̀sì ọdún kejì dúró lé ti kìíní lórí. Bí ìṣirò bá ń ṣòro fún un, kó wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ìkejì ni IT, tí ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́, ti ń ṣètò rẹ̀ láti 1973. Àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún kẹrin, yàtọ̀ sí àwọn kékeré tó ṣáájú. Mo máa ń ka lógbúùkù wọn. Àwọn kan wà tí ìwé oṣù mẹ́fà jẹ́ bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, kò sí erùpẹ̀, kò sí òógùn, ọjọ́ Àìkú pàápàá wà nínú rẹ̀ pé “a da dẹ́kìn”. Ìdílé ló bá wọn rí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, bí ọmọ yín bá dé ọdún kẹrin tó ní òun ti rí ẹni tó máa fọwọ́ sí lógbúùkù láìlọ sí ibì kankan, ẹ kọ̀. Kó lọ sí ojú iṣẹ́, oòrùn á pa á, àwọn bíríkìlà á fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ni, á sì mọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ níbì kan nítorí pé obìnrin ni, kó lọ síbòmíràn. Lójú iṣẹ́ tiwa, ọmọbìnrin ni àwọn tó dára jù lẹ́nu ìdíwọ̀n kọnkéré.

Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò pọn dandan nísinsìnyí. Ohun tó ń kọ́kọ́ kan ni kálíkúlétọ̀ onísáyẹ́ǹsì tó dára, àti bọ́ọ̀dù ìyàwòrán pẹ̀lú T-square àti set square bí ẹ̀ka wọn bá ṣì ń fi ọwọ́ yàwòrán. Ẹ dúró kí wọ́n fún un ní ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tó rà. Àwọn tó ń jáde lọ sì máa ń ta tiwọn ní owó pọ́ọ́kú. Ọdún kejì ni kọ̀ǹpútà máa ń di ohun tí kò ṣeé fi ṣeré. Àlòkù tó dára ti tó, kí RAM rẹ̀ má dín ní 8GB, kí ibi ìkóǹkanpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ SSD. AutoCAD tí wọ́n fi ń yàwòrán ilé, Autodesk tó ṣe é ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ yunifásítì lòun, nítorí náà kó má san owó fún ayédèrú tí wọ́n ń kó sínú fláàṣì.